Ẹyin Méjì, Àlùbọ́sà Kan

Ọdún méjìdínlógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ òwò ṣíṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó, n kò sì ta ohunkóhun rí. Orí pátákó ni mo ti ń ṣòwò tèmi. Màá fa ìlà gígùn, màá kọ ẹni tó ń ṣe ọjà sí òkè, ẹni tó ń kó o lọ́pọ̀ sábẹ́ rẹ̀, alátẹ sábẹ́ ìyẹn, oníbàárà sí ìsàlẹ̀ pátápátá, màá sì fi ẹfun ya ọfà sáàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Dúpẹ́, tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ẹnu ọ̀nà yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, wọ kíláàsì mi lọ́jọ́ kan láti wá gba kọ́kọ́rọ́. Ó wo pátákó náà títí.

Ó ní, "Tíṣà, níbo ni òjò wà nínú èyí?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Mo ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún nígbà tí ìyàwó mi rí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú kékeré kan ní Wales. Àwọn ọkùnrin kan máa ń sọ pé àwọn ló mú ìyàwó àwọn lọ sókè òkun. Ẹ bá mi kí wọn. Èmi, wọ́n mú mi lọ ni.

Ilé ìkẹ́rù kan ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá kó gbogbo àdúgbò Òjòwò nílé wa sínú rẹ̀, àyè á ṣì kù tí àwọn ọmọ á ti gbá bọ́ọ̀lù. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kó ọjà fún gbogbo wọn. Wọ́n fi nǹkan kan kọ́ mi létí, ohùn obìnrin kan sì wà nínú rẹ̀ tí kì í sinmi. Yóò ní kí n lọ sí ọ̀nà kẹrìnlá. Yóò ní kí n mú páálí mẹ́ta. Mo gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà tó wà lára sẹ́ẹ̀fù fún un kó tó gbà pé mo débẹ̀ lóòótọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kí i. Ilé ni wọ́n ti kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún kí i. Ó ní kí n tún un sọ. Nígbà tí mo kí i lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá kan tó ń kọjá ní ṣé ara mi yá, pé ẹ̀rọ ni mò ń kí.

Kí n sọ òótọ́, ètò náà wú mi lórí. Bí ẹnì kan bá ra wàrà kan nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn òkè méje, ẹ̀rọ tó wà ní kántà á sọ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sọ fún obìnrin etí mi, obìnrin etí mi á sọ fún mi, kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́rì á ti gbé wàrà míì débẹ̀. Pátákó mi ló dìde tó ń rìn yẹn, tòun ti àwọn ọfà rẹ̀. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ sì rèé, kò sí ẹni tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Inú tíṣà dùn, ẹ̀yìn tíṣà ń dùn ún.

Òru ni iṣẹ́ ìyàwó mi. Bí mo bá ń jáde, ó ń wọlé. A máa ń pàdé níbi ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń pààrọ̀ ẹ̀ṣọ́, òun á fún mi ní kọ́kọ́rọ́, èmi á fún un ní ìròyìn bóyá omi gbóná wà. Oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó mọ̀ pé mò ń bá obìnrin etí mi sọ̀rọ̀ ju ìyàwó mi lọ. Lọ́jọ́ náà ni mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé tí mo pe Àǹtí Dúpẹ́. N kò sọ fún un pé mo dá nìkan wà. Mo ní mo kàn fẹ́ mọ bí ọjà ṣe ń lọ ni.

Ariwo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé fóònù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń pariwo pé, "Màmá, ṣúgà oníhóró mẹ́rin, mo ń kánjú." Òmíràn ń bẹ̀bẹ̀ fún ìlàjì búrẹ́dì, ó ní kó jẹ́ apá tí kò jóná.

"Tíṣà," ni Àǹtí wí, "ṣé kò sí? Dúró, jẹ́ kí n fún ọmọ yìí ní ṣúgà. Mẹ́rin lo ní? Ìwọ tó ń mu mẹ́fà lánàá? Kí ló ṣẹlẹ̀, ṣé bàbá rẹ kò tíì ránṣẹ́ ni?"

Ó gbàgbé mi sórí kántà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. N kò gbé fóònù náà sílẹ̀.

*

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ẹ̀yìn mi kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, èmi náà sì tẹ̀lé e. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Gwen jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ kò gba àkàbà mọ́, ó sì lẹ ìwé mọ́ fèrèsé pé òun ń wá ẹni tí yóò máa bá òun gùn ún. Mo wọlé, mo tẹrí ba, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀ kí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wo ilẹ̀ kiri, ó bi mí pé kí ló já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Ṣé o ti ta ọjà rí?"

"Mo ti kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń tà á."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi ń tà á."

"Ó dáa. Ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ máa bọ̀."

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Àfi bó ṣe na kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn sí mi. Ó ní kí n máa pe òun ní Gwen. Mo ní ẹnu mi kò lè gbé e, ó ju ìyá mi lọ. A dúnàá-dúrà títí a fi parí sí "Mà". Ó ní bí wọ́n ṣe ń pe ọbabìnrin nìyẹn, òun fara mọ́ ọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Gwen lọ rí dókítà, ó fi mí sídìí kántà. Ìyáàfin kan wọlé, Nesta lorúkọ rẹ̀, ó lọ dúró níwájú ẹyin. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń wá.

Ó ní, "Mẹ́fà mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Ọkọ mi ló máa ń jẹ mẹ́rin níbẹ̀."

Mo ní, "Ọkọ yín ńkọ́?"

Ó ní ó ti kú láti ọdún tó kọjá.

Kí ni ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó á ṣe nírú ọ̀rọ̀ báyìí? Mo ya páálí náà, mo kó ẹyin méjì sí i lọ́wọ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn tí n kò mọ ibi tí màá dúró sí. Mo ya àwọ̀n àlùbọ́sà, mo tò wọ́n sórí kántà ní mẹ́rin mẹ́rin, mẹ́ta nísàlẹ̀, ọ̀kan lórí. Mo tú tíṣù ilé ìwẹ̀ tí wọ́n dì ní mẹ́rin. Mo tú ìpápánu inú ọ̀rá ńlá, èyí tí wọ́n kọ gàdàgbà sára rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Gwen dé, kántà bàbá rẹ̀ ti di àtẹ.

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé eku wọlé ni?"

"Rárá, mà. Èmi ni."

Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní ábídí pé ara páálí ni ọjọ́ tí ẹyin yóò bàjẹ́ wà, pé òfin wà, pé ẹni tó ń kó ọjà fún òun kì í gba ohun tí wọ́n ti tú padà. "Tí o bá tún ya páálí kan níbí, kí o máa lọ sílé."

Mo sọ fún Àǹtí Dúpẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. "Ọdún mélòó lo fi kọ́ wọn ní òwò? Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ọ́ sídìí ọjà, o tú gbogbo ẹ̀ kalẹ̀."

*

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ tó ni ilé ìkẹ́rù tí mo ti ṣiṣẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí òpópónà wa, kò ju igba ìgbésẹ̀ lọ sí tiwa. Mánéjà wọn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ́ Owen, wá kí wa. Aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn ló wọ̀. Gwen kí i káàbọ̀ sí àdúgbò, ó sì jókòó fún ìyókù ọjọ́ náà, ó ń wo òpópónà.

Búrẹ́dì wọn kò wọ́n tó tiwa. Wọ́n ń ṣí kí àwa tó ṣí, wọ́n ń tì lẹ́yìn tí a bá ti tì. Àwọn oníbàárà wa bẹ̀rẹ̀ sí kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ojú nílẹ̀, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Wàrà ń kan mọ́ wa lọ́wọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni Gwen bí, Carys, tó ń gbé ní Cardiff. Ó wá, ó wo sẹ́ẹ̀fù, ó sì wá kọ́lékọ́lé kan tó fẹ́ ra ilé náà kó sọ ọ́ di yàrá àyágbé. Ó ní lẹ́yìn Àjíǹde òun á mú ìwé wá kí ìyá òun fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó ti tún yàrá kan ṣe sílẹ̀ nílé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

Nígbà tó lọ tán, Gwen na ìka sókè àjà. "Yàrá òkè yẹn ni wọ́n bí mi sí," ló wí. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí nu kántà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Àǹtí Dúpẹ́ lórí fóònù. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ni wọ́n ní tí ẹ kò ní?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á: lọ́rì, kọ̀ǹpútà, iná tó mọ́lẹ̀, ọjà tó pọ̀, ọjà tó dínwó.

"Ó tó. Fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀ fún wọn, má bá wọn du ọ̀kan. Kí ni wọn kò lè ṣe?"

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

"Tíṣà. Ṣó o rántí ilé ìtajà ńlá tí wọ́n kọ́ síwájú yunifásítì, èyí tó ní ẹ̀rọ amúlétutù? Gbogbo èèyàn wá ń bá mi kẹ́dùn. Mo lọ síbẹ̀, mo ra bisikíìtì kan, mo yí ká. Gbogbo nǹkan wọn ló wà nínú ọ̀rá tí wọ́n ti dì pa. Mo padà wá sílé, mo sùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ dín ẹyin kan, ṣé ìgò òróró ló máa rà? Ìyá ẹlẹ́ja ń ti Ibiadé kó ẹja gbígbẹ wá fún mi lọ́jọ́ Ẹtì, mò ń gé e, orí lọ́tọ̀, ìrù lọ́tọ̀. Gàrí mi ń ti Màmú bọ̀ nínú àpò, ife ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Ta ló máa bá wọn gé ẹja nínú ilé yẹn? Amúlétutù?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jókòó. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni obìnrin etí mi fi bá mi sọ̀rọ̀. Kò ní kí n mú ìlàjì nǹkan rí. Kò lè sọ ọ́. Ohun tó jẹ́ kí lọ́rì wọn yá, tó jẹ́ kí ọjà wọn dínwó, ni pé wọ́n ti dì í pa láti òkè, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tú u títí tó fi dé ọwọ́ oníbàárà. Owen, tòun ti gbogbo aṣọ ọsàn rẹ̀, kò lè ta ẹyin méjì fún Nesta bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn.

Ní ọjọ́ kejì mo ní, "Mà, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ má tíì lé mi."

Mo sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní wáyà ni bàbá òun fi ń gé bọ́tà, pé odindi ṣíìsì, ìyẹn wàrà dídì, máa ń wà lórí kántà yìí, èèyàn á sì fi ìka hàn án ibi tó fẹ́ kó gé e dé.

"Ta ló wá ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀?"

"Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀," ni Gwen wí. "Páálí ló kàn dé."

Ó pe ìjọba ìbílẹ̀ láti mọ ohun tí òfin gbà, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fi ìṣó kan án mọ́gi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kántà níbi tí ojú mi á ti máa rí i. A kò ní ya páálí ẹnikẹ́ni. A ó lọ ra ọjà níbi tí wọn kò tíì dì í. Àgbẹ̀ kan wà lórí òkè tó ń sin adìẹ, ó gbà láti máa gbé ẹyin wá lórí kirétì ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Oníbúrẹ́dì abúlé kejì ń kó búrẹ́dì gbígbóná wá, Gwen ń gé e sí méjì. Àlùbọ́sà àti ànàmọ́ ń bọ̀ nínú àpò.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yọrí. Èmi ni mo ní ká máa ta kábéèjì ní ìlàjì ìlàjì. N kò mọ̀ pé bí a bá ta ìlàjì kan, ìlàjì kejì á dúró máa wò wá, á sì máa dúdú lọ. Ọjọ́ márùn-ún la fi jẹ kábéèjì nílé wa. Ìyàwó mi bi mí bóyá òun ni mo fẹ́ àbí kábéèjì.

Ṣùgbọ́n Nesta padà wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹyin méjì méjì. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé ìjọsìn Mẹ́tọ́díìsì tí èmi náà ń lọ, níbi tí àga ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ wà nílé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí wá lójoojúmọ́ fún ànàmọ́ kan ṣoṣo. Èmi ni mo máa ń bá a yàn án, a jọ ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù. Ìlú àwọn tó ń dá jẹun ni ìlú náà, àṣé n kò mọ̀. Ojú ihò ilẹ̀kùn tèmi ni mo ti ń wò wọ́n, mo rò pé èmi nìkan ni mo dá wà.

Ariwo dé sínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń ra àlùbọ́sà kan kò lè ṣe bí ẹni tó ń ra páálí, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi sè. Ibẹ̀ ni ẹnì kejì á ti ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń sè é. Mo ń dá sí i. Mo ń sọ bí a ṣe ń sè é nílé wa, wọ́n ń sọ pé ata á pa àwọn. Lọ́jọ́ tí òtútù mú mi tí n kò lè wá, èèyàn mẹ́ta ló bi Gwen pé níbo ni mo wà. Nesta ránṣẹ́ ọbẹ̀ sí mi, kò sí iyọ̀ níbẹ̀, mo sì lá a tán.

Wọ́n máa ń bi àwa tó wá láti òkèèrè pé níbo là ń pè nílé. Ìbéèrè àwọn tó ráyè ni. Nígbà kan, bí wọ́n bá bi mí, màá yí ọ̀rọ̀ sí ojú ọjọ́. Nígbà tó yá, màá kọ́kọ́ ronú kan Àgọ́-Ìwòyè, ariwo àwọn ọmọ tó ń pe Màmá, lẹ́yìn náà màá rántí pé n kò tíì ya ẹyin Nesta sọ́tọ̀, pé àwọn tó pupa ló fẹ́. Méjèèjì ń fà mí. Kì í dùn mí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

*

Àjíǹde kọjá. Carys dé láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú ìwé. Ojú ewé mẹ́rin ni. Ó tò wọ́n sórí kántà, ó fi bírò lé wọn.

Gwen ní, "Jẹ́ kí oníbàárà dínkù ná."

Oníbàárà kò dínkù. Carys lọ dúró lẹ́bàá fìríìjì, ó ká ọwọ́ mọ́ra. Ó rí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń gé búrẹ́dì. Ó rí èmi àti ọkùnrin oníànàmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ wa. Nígbà tó tó wákàtí kan, ó sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́: "Mọ́mì, mo rí i. Ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn arúgbó ni gbogbo wọn. Ọdún mélòó ló kù fún wọn?"

Mo rí i tí ọwọ́ Gwen lọ síbi bírò náà, tó sì dúró lórí rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Òótọ́ ni ọmọ náà sọ.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin kan wọlé, ó fa síìpù ẹ̀wù òtútù rẹ̀ dé àgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ oòrùn ràn lọ́jọ́ náà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá síwájú mi. Kọ́là aláwọ̀ ọsàn yọ díẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Owen ni. Kò tíì ra ohunkóhun lọ́wọ́ wa rí.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹyin méjì," ló wí, "àti àlùbọ́sà kan."

Carys kò mọ̀ ọ́n. Ó bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí ẹyin ní ṣọ́ọ̀bù tuntun yẹn ni?"

Ọkùnrin náà wo bàtà rẹ̀. "Ó wà. Mẹ́fà mẹ́fà ni. Èmi nìkan ni mò ń gbé."

"Òun ni mánéjà wọn," ni Gwen sọ fún ọmọ rẹ̀.

Èmi, mo ń bu ètè jẹ kí ẹ̀rín má bàa já mọ́ mi lẹ́nu. Mo yan àlùbọ́sà tó tóbi jù fún un, kò ṣẹ̀ mí. Kò tíì pé ogójì ọdún. Mo rí i tí Carys ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀.

Mo na ọwọ́ sábẹ́ kántà fún àpò oníwèé tí a fi ń di ẹyin. Nesta ló gba èyí tó gbẹ̀yìn. Mo sọ fún Gwen pé ó ti tán.

Gwen gbé bírò náà kúrò. Ó mú ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ká a bí òkòtó, ó fi ẹyin kan sí i, ó ṣẹ́ ẹ lé e, ó fi èkejì sí i, ó sì yí ẹnu rẹ̀ pọ̀. Nígbà tó ṣe, Carys mú bírò, ó fi í sínú báàgì rẹ̀.

Owen gba ẹyin rẹ̀. Ó rí ohun tí wọ́n kọ sára ìwé náà, ó wo Gwen. "Mà, ìwé yìí dà bí..."

"Ó nípọn dáadáa," ni Gwen wí. "Wọn kò ní fọ́."